Béèlì kọ́ ni ìdáláre o, ẹ̀yin olóòtú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, "kóòtù dá a sílẹ̀" tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá máa ń kọ yìí, èwo gan-an ni wọ́n ń sọ? Torí adájọ́ fún èèyàn ní béèlì, wọ́n á ní ó dá a sílẹ̀, ó tú u sílẹ̀ torí ẹ̀rí ò tó, ó dá a sílẹ̀ náà ni, ó ní kò jẹ̀bi rárá, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ń kọ́ṣẹ́ sípéà páàtì ní Géètì n'Ìbàdàn níbí, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án, adájọ́ fún un ní béèlì, èmi ni mo ṣe onídùúró. Ìwé ìròyìn kan bá gbé e pé kóòtù ti dá a sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ gé e, ó fi há inú Bíbélì, kò sẹ́ni tó wọlé tí kò fi hàn. Ọmọ náà gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ọjọ́ kan ní kóòtù o, ṣùgbọ́n nígbà tó ka ìròyìn, ó ní àṣé ẹjọ́ ti tán. Ọjọ́ pé, kò yọjú, adájọ́ ní kí ọlọ́pàá lọ mú un, wọ́n sì ránṣẹ́ pe èmi kí n wá sọ ìdí tí mi ò fi ní í san owó béèlì. Ìyá ẹ̀ na bébà tó gé yẹn sí akọ̀wé kóòtù, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní "ẹ wò ó, ohun tí wọ́n kọ rèé."

Lọ́yà tó bá wa dá sí i ló là á yé mi. Béèlì, kó o máa tilé wá jẹ́jọ́ ni. Bí wọ́n bá kàn tú ẹ sílẹ̀, wọ́n ṣì lè gbé ẹ padà wá bí ẹ̀rí bá jáde. Ṣùgbọ́n tí kóòtù bá dá ẹ láre, abala 36 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ tún gbé ẹ lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn yẹn, àfi tí kóòtù tó ga ju ìyẹn bá pàṣẹ ẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé Yorùbá ti lọ́rọ̀ fún un tipẹ́? Dá láre! Kí ló dé tá ò lò ó?

"Kóòtù da ẹjọ́ nù" náà ń kó bá àwọn tó ń jà sílẹ̀ ẹbí n'Ìbàdàn yìí, torí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n kàn yọ kúrò nínú ìwé, èèyàn lè tún un pè, èyí tí wọ́n bá dà nù pátápátá, àfi kó lọ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó bá rò pé tòun ti bàjẹ́ á sọ ilẹ̀ nù sáńgílítí. Ká má tiẹ̀ sọ ti "ọ̀daràn" tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárọ̀, tí abala 36 yẹn kan náà ní kò jẹ̀bi títí wọ́n á fi rí i dájú.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ ọmọ wa sí oṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa kọ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ó gba béèlì, ẹjọ́ ṣì ń lọ.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn