Ẹ Jẹ́ Kí Onílé Sọ Iṣẹ́ Tó Wà Nílẹ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Bọ̀ Wá Ṣe Míṣọ́n

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn pásítọ̀, àwọn díákónì àti àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tó máa ń yọjú lọ́dọọdún nígbàkigbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà bá ti gba họlidé gbọọrọ. Ọ̀ràn náà ni ti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama rìnrìn àjò míṣọ́n, ìyẹn ìrìnàjò ìwàásù àti iṣẹ́ àánú, lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àwọn òyìnbó nìkan ni a mọ̀ mọ́ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí àwọn kan nínú ìjọ tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ lókè òkun náà ti ń ṣe é, ilẹ̀ bàbá wọn níbí ni wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó àwọn ọmọ náà wá.

Mo fẹ́ kí wọ́n máa wá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì wà lára àwọn tó ń gba àlejò ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ bí ó ti máa ń rí lára ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá kọ́kọ́ gbọ́ tí ìjọ kan tí kò mọ̀ rí ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ìjọ tó ń gbàlejò jẹ́ ẹni tí yóò sọ iṣẹ́ tí òun ń fẹ́, ìgbà tí òun ń fẹ́ ẹ, àti ẹni tó yẹ kó ṣe é, kí àwọn àlejò sì yé mú iṣẹ́ tí wọ́n ti yàn tán láti ilé wọn wọ̀lú.

Irú ìrìnàjò yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú ìtàn ìjọ. Ọdún 1957 ni George Verwer, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, lo ìgbà ọlidé wọn láti lọ pín ìwé ìhìnrere ní Mẹ́síkò. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Operation Mobilisation ti jáde. Ní 1960, Loren Cunningham dá Youth With A Mission sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè jáde lọ wàásù láìdúró di ìgbà tí wọ́n bá di àgbà. Nígbà tó fi di 1970, ẹgbẹ́ Teen Missions ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún gan-an ló sì wà fún. Èrò rere ló bí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ òfurufú ti ń pọ̀ sí i, ohun tí àwọn díẹ̀ ń fi ọkàn ṣe di ohun tí ìjọ ńláńlá ń kọ sínú ètò ọdún wọn, tí wọ́n ti pinnu orílẹ̀-èdè, ọjọ́, iṣẹ́ àti àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń lọ bá.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ Honduras wá, nítorí wọ́n ṣírò tibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, ìjì líle tí wọ́n pè ní Mitch jà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì sọ àìmọye di aláìnílé. Ẹgbẹ́ ìjọ láti Àríwá Amẹ́ríkà rọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ ilé. Kurt Ver Beek, olùkọ́ kan ní Calvin College tó ti fi Honduras ṣe ibùgbé, ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé náà, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Bí a bá ka owó ọkọ̀ òfurufú àti ìnáwó ìrìnàjò mọ́ ọn, ilé kan tí ẹgbẹ́ àlejò bá kọ́ ń gbà tó 30,000 dọ́là, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 2,000 dọ́là ni ẹgbẹ́ Kristẹni ti Honduras fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó ilé kan ì bá ti kọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Honduras tí ìjì kó gbogbo ohun ìní wọn lọ ì bá sì ti rí iṣẹ́ ṣe. Ver Beek tún wò ó bóyá ayé àwọn tí àwọn àlejò kọ́lé fún dára ju ti àwọn tí àwọn ará ìlú wọn kọ́lé fún lọ, kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Bákan náà ni kò rí i pé ọrẹ tí àwọn tó rìnrìn àjò náà ń ṣe fún míṣọ́n pọ̀ sí i tó bí àwọn fúnra wọn ṣe rò.

Irú rẹ̀ kò ṣàìṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣe míṣọ́n kun ògiri kíláàsì ní ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Oṣù keje ni, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Pẹ́ńtà èyíkéyìí nílùú yìí ló mọ̀ pé ògiri tó bá ti mu omi kò ní gba ọ̀dà, pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ti àtijọ́ dànù, kí á jẹ́ kí ara ògiri gbẹ dáadáa, kí á tó kun ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn pẹ́ńtà ìlú, tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè é. Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń kọrin, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Kí ọdún Kérésìmesì tó dé, ọ̀dà náà ti ń ṣí láti ìsàlẹ̀ ògiri wá sókè, olùkọ́ àgbà sì tún ní láti wá owó tí yóò fi pe pẹ́ńtà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti pè é níjọ́ kìíní kó jẹ́ ọ̀gá wọn lẹ́nu iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà ì bá tọ́jọ́, òun ì bá rí owó gbà, àwọn ọmọ náà ì bá sì ti mọ̀ pé ẹnìkan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ ohun tí wọn kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà tún ṣe pàtàkì. Oṣù kẹfà ni ilé ẹ̀kọ́ ń parí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, ìgbà náà ni wọ́n sì ń fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni òjò ń rọ̀ jù níbí, tí àwọn ọmọ wa ń múra ìdánwò táàmù kẹta, ìdánwò tí wọ́n fi ń gòkè sí kíláàsì tuntun. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè wá kún ibi eré àti ìtàn Bíbélì tí àwọn àlejò ṣètò, nítorí ó tini lójú kí àlejò rìn tó báyìí kí ó má rí ọmọ kankan. Oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ wa bá ti gba ọlidé, ni ìbá yẹ wá jù lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wa ló lè tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n a kì í kọ ọ́.

Ibi tí ó dùn mí jù rè é. Àwa onílé ni a ń dákẹ́. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ń ríran ni ó yẹ kó sọ̀rọ̀. A kì í fẹ́ sọ fún àlejò pé ohun tó mú wá kọ́ ni a ń fẹ́, a kà á sí ìwà àìlọ́wọ̀. Àwọn pásítọ̀ kan sì ń dákẹ́ nítorí wọ́n ń retí pé bí àwọn àlejò bá padà délé, wọn yóò rántí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Báyìí ni a ṣe ń fi ẹ̀rín gba ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, tí àwọn ọmọ ń padà sílé pẹ̀lú èrò pé gbogbo ohun tí àwọn ṣe ló bọ́ sí i. A ń fi òtítọ́ du àwọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ni òbí wọn tìtorí rẹ̀ san owó kí wọ́n lè wá kọ́ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kò gba àdéhùn lójú tèmi: ẹ má ṣe kó àlejò ọlọ́sẹ̀ méjì lọ síbẹ̀ láti lọ gbé ọmọ jó, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ọmọ tí ẹnìkan gbé mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́wàá tí onítọ̀hún sì pòórá, tí ẹlòmíràn tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ni ẹ rò pé ó ń kọ́ nípa ìfẹ́? Bí ilé bẹ́ẹ̀ bá sì ti mọ̀ pé ojú ọmọ ló ń mú ọrẹ wọlé, àwọn kan yóò máa wá ọmọ tí wọn yóò kó síbẹ̀, kódà bí òbí rẹ̀ bá wà láàyè. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n mú ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó ọmọdé 33 gba ẹnubodè kọjá sí Dominican Republic láìní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní àwọn ń gba ọmọ aláìlóbìí là ni, ṣùgbọ́n ó padà hàn pé àwọn òbí ọmọ náà ń bẹ. Nàìjíríà náà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2003. Kí ìjọ tó ń gbàlejò kà á fún àwọn àlejò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sì mọ̀ pé a kì í ya ọmọ ọlọ́mọ sí fọ́tò kí á gbé e sórí Facebook láìbéèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè sọ pé míṣọ́n kò wúlò. Nígbà tí Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, Ìgbòho ló ń lọ, ogun ni kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó dúró sí Abẹ́òkúta ju ọdún kan lọ, èdè Yorùbá ló sì ń kọ́ níbẹ̀, kí ó tó lọ sí Ìjàyè, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1855. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Dókítà George Green dé ní 1907, ó sì lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ bí wà títí dòní. Mi ò ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wá lo ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí mo rí kọ́ lára Bowen ni pé ọ̀nà dí mọ́ ọn, ó sì fi ìdádúró yẹn gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti gbọ́ díẹ̀, bí a bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Mo rí i pé ó ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ kan tó wá, òkè òkun ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí àwọn yòókù lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ jókòó ti màmá àgbà kan tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi bí a ti ń tẹ etí ẹ̀gúsí kó lè là hàn án, èékánná rẹ̀ sì dùn ún títí tó fi mọ̀ ọ́n. Màmá bi í léèrè agboolé bàbá rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki í. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lè ka ìlà bíi mẹ́ta nínú oríkì ilé bàbá rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé màmá yìí ti sin ọkọ àti ọmọ, tí wọn kò sì fi ìdájí kan ṣaláì kọrin ìyìn. Nígbà tí ó kan án láti jẹ́rìí ní ìsìn alẹ́, kò sọ ohun tí òun wá fún wa. Ìgbàgbọ́ màmá ni ó sọ. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kí n má gbàgbé pé ìjọ tiwa náà ń kó ọ̀dọ́ kọjá ẹnubodè. Àwọn kan máa ń lọ sí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa, tí Samuel Ajayi Crowther ti dé Kétu láti 1853. Ohun tí mo ń sọ yìí kan àwọn náà. Kí wọ́n kọ̀wé sí ìjọ tó wà lọ́hùn-ún kí wọ́n tó háyà bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, mo ń bẹ gbogbo ìjọ tó bá ń retí àlejò kí wọ́n kọ lẹ́tà kí oṣù kìíní tó parí, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba bí kò bá sí. Kí wọ́n dárúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò jẹ́ ọ̀gá lórí iṣẹ́ náà àti iye tí wọn yóò san fún un. Kí ìjọ tó ń bọ̀ náà fi iye owó ìrìnàjò hàn wá, kí wọ́n sì ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí á sì jọ mọ ẹni tí yóò san owó ààbò lójú ọ̀nà, nítorí ìjọ onílé ni ìyẹn ń ṣubú lé lórí láìsọ. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbẹ̀wò sí ilé àwọn àgbà àti ti kíkọ́ bí a ti ń kíni. Kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tiwa jókòó sínú ìgbìmọ̀ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ wọn ni àwọn tó ń bọ̀.

Olóòtú, bí àyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe àwọn tó ti gba irú àlejò yìí rí, àti àwọn ọmọ tó ti wá rí, kí àwọn náà kọ̀wé sí yín. Inú mi yóò dùn láti ka ibi tí wọn kò ti gbà pẹ̀lú mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.