Kí O Tó Na Ọwọ́ Fún Òwú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O béèrè bóyá kí o gbà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ so òwú mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: ta ló ń so ó, ọwọ́ wo ni, báwo ló sì ṣe máa kúrò níbẹ̀? Àwọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo kò tó ìwọ̀nyí.

Ní Láòsì, òwú funfun ni wọ́n ń so níbi ayẹyẹ baci. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí 32 ló ń ṣọ́ ara ènìyàn, pé wọ́n a sì máa ṣáko lọ. Òwú yìí ni wọ́n fi ń pè wọ́n wálé. Àgbà á kọ́kọ́ fi òwú nu ọrùn ọwọ́ rẹ, kó fi gbá ibi dànù, kó tó ta kókó, àdúrà ò sì ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Tí o bá fẹ́ bọ́ ọ, tú kókó ni o. Má ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́.

Ní Íńdíà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń so kalava, òwú mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, mọ́ fún ọkùnrin àti ọmọge tí kò tíì lọ́kọ. Abilékọ a na òsì. Martenitsa, òwú pupa-òun-funfun ti Bùlùgáríà, ẹ̀bùn ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni. Ìgbà tí wọ́n bá rí àkọ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ tàbí igi tó tanná ni wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n á sì so ó kọ́ ẹ̀ka igi.

Ríbọ́nù ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, ní Salvador ní Bràsíl, ló ń mú mi lọ́kàn jù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 47 sẹ̀ǹtímítà. Kókó mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Funfun rẹ̀ jẹ́ ti Òrìṣàńlá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá. Ó gbọ́dọ̀ gbó já fúnra rẹ̀ ni. Òwú ni tẹ́lẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ló pọ̀ báyìí, kì í sì í tètè já, nítorí náà ro ẹ̀bẹ̀ rẹ dáadáa.

Èyíkéyìí tí o bá so, kí ìka kan lè wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí òwú tuntun máa ń sún kì tó bá mumi. Gbé òsì lé ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọ̀tún lé òsì. Bí méjèèjì bá gba ọ̀nà kan náà, kókó á yọ̀. Máa nu abẹ́ rẹ̀ gbẹ tí o bá wẹ̀ tán, kí ara má baà yún ọ. Bí ọwọ́ bá wú, gé òwú náà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ti baci.

Ìyá rẹ