Omi Sókótó àti irun orí rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ti wo fọ́tò irun rẹ. Àwọn ìpara mẹ́ta tí o ka orúkọ wọn fún mi, má ra ọ̀kankan nínú wọn. Owó oṣù àgùnbánirọ̀ kò pọ̀ tó èyí tí wàá máa dà sórí lásán. Omi ni kí a kọ́kọ́ wò.

O ní ọṣẹ kì í hó níbẹ̀, èépá funfun sì ti gba ìdí kẹ́tùlù rẹ. Omi yẹn le ni. Òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ Sókótó, òun náà ni wọ́n ń wà ní Kalambaina tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Omi tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá á kó àwọn èròjà òkúta tí à ń pè ní calcium àti magnesium jáde. Bí ọṣẹ bá pàdé wọn, ńṣe ló máa ń dì dípò kó hó. Ohun tó dì yẹn ló lẹ̀ mọ́ irun rẹ tí kò fi dán mọ́, tó gan, tó ń kọ́ra, tó sì ń já. Líle omi náà kò ní kí o má mu ún o.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ dájú, bu omi kànga ẹ̀rọ yín sínú ìgò kan, bu omi òjò sínú òmíràn nígbà tí òjò bá rọ̀, fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí méjèèjì, kí o mì wọ́n. Èyí tó bá funfun bí omi ògì tí kò hó, òun ló le.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o fi álọ́ọ̀mù sí i kò ní ọ sínú, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń mú rọlẹ̀. Kò lè yọ ohun tó ti yọ́ sínú omi. Sísè sàn jù ú lọ: jẹ́ kó hó dáadáa, kó tutù, kí o rọra da ti òkè sínú nǹkan mìíràn, kí èépá kù sísàlẹ̀. Kì í mú gbogbo líle kúrò, nítorí náà, fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣan irun kẹ́yìn ni.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? O mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Níhìn-ín ní Kubwa l'Ábújá, kò sí wàhálà. Ní Sókótó, gbàgbé rẹ̀. Ra ṣámpù tí wọ́n kọ “chelating” tàbí EDTA sí lára, irú tó ń fa calcium àti magnesium kúrò lára irun, lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí o sì fi kọndíṣọ́nà tẹ̀ lé e, torí ó máa ń gbẹ irun. Fínígà náà dára, ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kan, kí o ṣàn án kúrò. Má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí gbẹrẹfu o! Oòrùn ibẹ̀ á jó ọ lára.

Ṣùgbọ́n wo irun tó ń bọ́ dáadáa. Bí kókó funfun bá wà nídìí rẹ̀, ó re ni, kò já. Má di ẹ̀bi ìyẹn ru omi. Etí iwájú orí rẹ tó ń fẹ́lẹ́ yẹn, dídì tó fún jù ni. Onídìrí ni èmi náà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Sọ fún wọn kí wọ́n dẹ ọwọ́. Bí ojú kan bá wá pá pátápátá, lọ rí dókítà awọ ara.

Kí òjò tó dé, bẹ ìyá onílé kó jẹ́ kí o gbé dúróòmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí àkọ́rọ̀ fọ eruku páànù dànù ná, kí o tó gba èyí tó mọ́. Dé e dáadáa nítorí ẹ̀fọn. Mo ti fi owó dúróòmù ránṣẹ́.

Màmá rẹ