Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń sáré

Àbúrò mi àtàtà,

Láti àná tí o ti fi ẹkún pè mí ni ọ̀rọ̀ rẹ kò ti kúrò lọ́kàn mi. O ní ọmọ tó gba ipò kìíní mọ́ ọ lọ́wọ́ wọ bàtà oníṣòó tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ sì wọ èyí tí ìṣó méjì ti yọ nídìí rẹ̀. O pè é ní olè. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí o mú kúrò lẹ́nu.

Wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí o gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje ọdún 2022, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi. Kò sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 ti Kendra Harrison, ọmọ Amẹ́ríkà, ló wà nílẹ̀ láti ọdún 2016. A ò tíì yọ̀ tán tí ariwo fi sọ. Michael Johnson, sárésáré Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní bóyá aago ni kò péye. Àwọn mìíràn ní bàtà ni, torí bàtà Adidas tó wọ̀, àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe é fún. Tobi ṣàlàyé pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló yọ òun lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ sáà, ló fi ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó rọ̀. Òfin gbà á láyè. Ní àṣekágbá, ó tún sá 12.06, wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ torí afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wúrà di tiẹ̀. Àbúrò mi, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Wọn ò ní èyí tí wọ́n lè fi wọn ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í tiẹ̀ ṣe bàtà. Ní Olímpíìkì Tokyo, lọ́dún 2021, àyẹ̀wò fi hàn pé Blessing Okagbare, sárésáré tiwa, lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀, wọ́n sì padà fi ọdún mọ́kànlá lé e kúrò nínú eré. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 18 tí wọn ò jẹ́ kó díje níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni 10, kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn. Òfin ìgbà yẹn ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ eléré orílẹ̀-èdè bíi tiwa wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́wàá, láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò tiwọn ò pé. Wọ́n ti dé Tokyo! Wọ́n gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn jáde nígboro níbẹ̀. Ẹni tó sùn tó jí fún eré, tí àìbìkítà ẹlòmíràn dá padà, òun ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Wọn ẹsẹ̀ rẹ, kí o fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti ń tọ́jú owó bàtà náà. Mo mọ̀ pé bí o bá wọ̀ ọ́ tán, ọmọ kan ní pápá yẹn á máa wo ẹsẹ̀ rẹ bí o ṣe wo ti ẹni àná. Mi ò ní èsì sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí o tó sùn lálẹ́ òní, pe ọmọ yẹn, kí o kí i kú oríire.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ