Èènì àkàrà àti eré bùrò àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń kọ̀wé, Porto-Novo tí wọ́n ń pè é yẹn. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ gbé e jáde, ó ní àwọn ará Ìlú Ọba ò mọ̀ ọ́n ṣe àwàdà, pé òun wo The Office, eré tẹlifísàn wọn kan, tán òun ò rí ibi téèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Mo kà á tán mo ní ó dáa, ẹni yìí ò tíì ṣiṣẹ́ bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì, rí ni.

Èmi ti lo ọdún 11 nídìí ẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń gbé London ló kó eré náà sínú klé USB fún mi nígbà tó wá sílé, mo rò pé ma kàn fi pe oorun ni, àfi bí mo ṣe wo apá 6 àkọ́kọ́ láìdìde, tí ọkọ mi jí tó ń bi mí pé ta ló kú, torí mò ń rẹ́rìn-ín omi sì ń bọ́ lójú mi.

BBC ló gbé e síta ní 2001, Ricky Gervais àti Stephen Merchant ló kọ ọ́, Gervais fúnra ẹ̀ ló ṣe ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ tó ń ta bébà ni, ní Slough, kò jìnnà sí London. Ọ̀gá yẹn, David Brent, ó dá a lójú pé aláwàdà lòun, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ràn òun, tó bá wá pa àwàdà tán kálukú á máa wolẹ̀. Wọn ò sì fi ẹ̀rín èrò sẹ́yìn ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú àwàdà tẹlifísàn, ìwọ fúnra ẹ lo máa mọ̀ bóyá wàá rẹ́rìn-ín àbí wàá fọwọ́ bojú. Bóyá ohun tó ṣe ẹni yẹn nìyẹn, kò gbọ́ ẹ̀rín ló bá ní kò sẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń fi ṣeré kówó jọ fún àwọn aláìní, Brent wọ aṣọ ẹyẹ ògòǹgò wá síbi iṣẹ́, inú aṣọ yẹn ló wà tí wọ́n fi sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́. Ògòǹgò ọba ẹyẹ! Ta ló máa rẹ́rìn-ín sí yẹn tí ò ní kọ́kọ́ gbé itọ́ mì?

Àmọ́ Tim àti Dawn lọ̀rọ̀ mi dá lé. Dawn ló ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kẹ́rù sí, Tim fẹ́ràn ẹ̀ kò lè sọ. Ìgbà tó wá fẹ́ sọ ọ́, ó yọ máìkì kúrò lára, ó mú Dawn wọ yàrá kan, gíláàsì la ti ń wò wọ́n, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó jáde, ó fi máìkì padà, ó ní Dawn ti ní rárá o. Ó tán.

Ní bùrò tiwa, ọkùnrin kan wà tó máa ń ra àkàrà wá láràárọ̀, á gbé ìdì kan síwájú obìnrin tó ń gba kúríà, àwọn lẹ́tà tó ń wọlé, tí ìyẹn bá dúpẹ́ á ní kò tó ọpẹ́, èènì ni ìyá alákàrà fi fún òun. Èènì, lójoojúmọ́, fún ọdún 4! Ìyá alákàrà yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kì í fi ẹyọ kan lé e fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ lọ́kọ sí Sàkétè, ọkùnrin yìí náà ló ń gbé ìwé ìdáwó kiri, òun ló kọ́kọ́ kọ tiẹ̀ síbẹ̀, 10,000 sẹ́fà. Nígbà tí ìyàwó fi máa padà síṣẹ́, ìdì àkàrà kan péré ni ọkùnrin yìí mú wọlé, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí, ẹ bá wa sọ fún àwọn eléré wa. Àjẹ́ ti tó, orogún ti tó, ogún bàbá ti tó jàre. Àwọn Faransé náà ṣe tiwọn ní 2006 lórí Canal+, Le Bureau, Amẹ́ríkà ṣe tiwọn láti 2005 títí di 2013 (ó gùn jù lójú tèmi, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe ju apá 12 lọ àti ti Kérésì 2003 tí Dawn ti padà wá bá Tim, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí pé kó padà wá). Kí ló ṣe tiwa? Yàrá kan, fáànù kan tó ń dún bí ẹni tó ń hanrun, òǹtẹ̀ tí ọ̀gá tì mọ́ dúrọ́ọ̀ tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ sí Kútọnu, èrò tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Kò náni lówó.

Tí wọ́n bá sì máa ṣe é, kí wọ́n fi èènì yẹn sí i.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ bùrò kan, Àjàṣẹ́