Àwọn Àgbà Náà Ń Ta Tẹ́tẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bá délẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni a máa ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ni ní Kétu níbí, bí wọ́n bá ti san owó ìfẹ̀yìntì, mo máa ń rí àwọn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún níwájú ilé tẹ́tẹ́.

Àbúrò bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà lára wọn. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo bá wọn tí wọ́n wọ gíláàsì ojú tí wọ́n fi òwú so lápá kan, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àwọn ẹṣin tí yóò sáré ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yìn ìwé tí dókítà fi kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Oògùn fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí mo bá jẹ lónìí, n ó ra ti oṣù mẹ́ta papọ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ọ̀dọ́ tó pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà ṣì lè ṣiṣẹ́ kí ó tún un rí, ṣùgbọ́n àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kò lè lé mọ́ yóò kàn máa fi owó oúnjẹ wá owó tó ti lọ ni. Ilé tó dá tún ń tì í lọ síbẹ̀, níbi tí yóò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ó sọ fún ọmọ.

Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ pé kí ẹ má fi èébú bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka tẹ́tẹ́ tí apá ènìyàn kò ká mọ́ sí àìsàn nínú ìwé tó to orúkọ àwọn àìsàn sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àwọn oògùn kan fún àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú ọwọ́ àgbà gbọ̀n, irú bíi pramipexole, tilẹ̀ lè gbé ìfẹ́ tẹ́tẹ́ wọ ẹni tí kò ta á rí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kí ẹ tètè sọ fún. Ó sì yẹ kí àwọn dókítà wa máa bi àgbà léèrè tẹ́tẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọtí àti sìgá.

Ní ilé wa, ọmọbìnrin àbúrò bàbá mi ló ń bá wọn lọ gba owó báyìí, ilé oògùn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yà. Bàbá náà ṣì ń ta tẹ́tẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí jáde nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá kù díẹ̀ kí wọ́n san án, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu lè rí i kà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Kétu, Bẹ̀nẹ̀