Ẹ fi míta wọn wáyà kẹ́ ẹ tó ra bréènì bọ́ọ̀sì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín torí owó àwọn èèyàn wa tó ń ṣòfò l'Abuja níbí ń dùn mí gan-an. Rewáyà ni mí, àwa tá à ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, Kugbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Èèyàn á wọ́ ọkọ̀ wá láti Nyanya tàbí Lugbe, oríṣiríṣi iná á ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò sì fẹ́ sitáàtì. Tí wọ́n bá ti lè ki scan, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ̀ ọ́ tó gbé kóòdù U0100 jáde báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ máa sọ fún olówó ọkọ̀ ni pé "Ọ̀gá, bréènì bọ́ọ̀sì ti lọ," ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Ó tán. Bẹ́ẹ̀ U0100 ò sọ pé ó ti kú o, ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ iná ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó lè jẹ́ áàsì (wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀), ó lè jẹ́ wáyà ló já, kódà bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń fa irú ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, bréènì inú ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ẹ́ńjìnì wà, ti jíà wà, ti bíréèkì wà, wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. CAN là ń pè é, Bosch ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1986. Wọ́n fi rẹsítọ̀ (nǹkan kékeré tó ń dí iná lọ́nà díẹ̀, ohm la fi ń wọ̀n ọ́n) 120 ohm sí ìparí ẹ̀ níbí, wọ́n fi òmíì sí ìparí ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Ojú ibi tí wọ́n ń ki scan bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò 16 ló ní. Ẹ wò ó bóyá iná bátìrì dé ihò nọ́ńbà 16, ẹ wo nọ́ńbà 4 àti 5 bóyá áàsì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tú orí bátìrì, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ yí míta sí ohm, ẹ fi ẹnu kan sí nọ́ńbà 6, ìkejì sí 14, ibẹ̀ ni wáyà CAN méjèèjì dé. Tó bá mú nǹkan bí 60 wá, rẹsítọ̀ méjèèjì pé, torí 120 méjì tí wọ́n so báyẹn máa ń di 60. Tó bá jẹ́ 120, apá kan ti já. Tó bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo ńkọ́, wáyà méjèèjì ti kanra, tàbí ọ̀kan nínú àwọn bréènì yẹn ló jóná sínú, ńṣe lẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa wojú míta, èyí tẹ́ ẹ yọ tí òdo yẹn fi kúrò, òun lọ̀daràn. (Àwọn ọkọ̀ kan wà tí gétíwéè (àpótí tó ń pín ọ̀rọ̀ fún àwọn bréènì) wà láàárín, ìyẹn ò ní fi gbogbo ẹ̀ hàn yín ní 6 àti 14, ẹ wá máàpù wáyà ẹ̀.)

Nínú òjò tó kọjá, ìyá kan gbé tokunbọ̀ ẹ̀ wá, wọ́n ti ní kó lọ ra bréènì bọ́ọ̀sì. Míta mú 120. Mo tọ wáyà yẹn dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ABS (bréènì bíréèkì) lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni rẹsítọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ yẹn, omi ti wọ ibẹ̀, ìdí pín-ìnnì ti di àwọ̀ ewé, bí mo ṣe fà á báyìí ló dá mọ́ mi lọ́wọ́. A pààrọ̀ ẹ̀, 60 padà, ọkọ̀ sitáàtì. Ká ní ìyá yẹn ti lọ ra bréènì bọ́ọ̀sì àlòkù ńkọ́, èyí tó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ mọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnì, ẹ rọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so tíráká, ẹ má gé wáyà méjì yẹn káàkiri mọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ wọn ní míta kẹ́ ẹ tó gbé scan lé wọn lọ́wọ́. Olówó ọkọ̀ náà, tí wọ́n bá ti dárúkọ bréènì bọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n pé èló ni míta mú ní 6 àti 14, tí wọn ò bá rí nǹkan sọ, ẹ má tíì sanwó.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè fún wa ní ojú ewé kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irú nǹkan báyìí, mo ṣe tán láti máa kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Rewáyà kan ní Kugbo, Abuja